Ẹ Jẹ́ Kí Ìdáhùn Yín Ṣeé Rí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún fóònù ṣe láti Alagbole dé Akute, nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, ẹ̀yìn ọ̀gá la máa ń dúró sí ní Otigba, n'Ìkẹjà, kí á tó mọ nǹkan kan. Lónìí, ẹ ó béèrè nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹnì kan á dáhùn kí iná sódà tó tutù. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ka gúrúùpù yín látòkè délẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: Tecno tó há sójú lógò. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń fún un ni "wá bá mi ní inbox". Inú inbox yẹn ni ìmọ̀ ń kú sí.

Ẹ jẹ́ ká máa kọ ìdáhùn síbi kan tí gbogbo wa lè rí, ká sì tò ó dáadáa. Ẹ wo babaláwo. Odù 256 ló wà, ẹsẹ abẹ́ wọn ò lóǹkà. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́ni ni wọ́n fi to àwọn ẹsẹ náà, ta ni ì bá rí èyí tó ń wá? Odù tó bá hàn lójú ọpọ́n ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ẹ̀yin náà, ohun tí ojú rí ni kí ẹ fi to ìmọ̀ yín. Kí nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ṣáájú, torí orúkọ ọjà máa ń tanni. Galaxy A12 ni SM-A125F, Galaxy A12 náà ni SM-A127F, síbẹ̀ MediaTek ni ọ̀kan ń lò, Exynos ni èkejì. Fáìlì ọ̀kan ò wúlò fún èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àìsàn rẹ̀ bí oníbàárà ṣe sọ ọ́: "kò gba chájì", "ó ń tàn, ó ń kú". Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ìyá àgbà kan dúró tì kò ní wá "short lórí VBAT". Bó bá ti mọ̀ pé short ni, kò ní béèrè mọ́.

Lọ́dún kan, mo tẹ̀lé ìdáhùn tí ẹnì kan kọ lórí fóònù MediaTek kan, mo tẹ "Format All + Download" nínú SP Flash Tool. Fóònù tàn, inú mi dùn. Ìyá tó ni ín délé, kò lè pe ẹnikẹ́ni: mo ti pa IMEI rẹ̀ rẹ́. Ẹja ló ń tà, orí fóònù yẹn làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń pè é. Mo ṣì ń rántí ojú rẹ̀. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́, ìlà kan ṣoṣo ló fò: kí á kọ́kọ́ fi ẹ̀dà NVRAM, ibi tí IMEI wà, pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìkìlọ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà kì í kàwé dé ìparí.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dán an wò síbẹ̀, nítorí Samsung tó ti gòkè dé bit 5 kì í gba fáìlì bit 4 mọ́. Ẹ dín voice note kù. Kò sẹ́ni tó lè wá ọ̀rọ̀ nínú ohùn, dátà sì wọ́n. Kí ẹni méjì ó kéré tán mọ páásíwọ́ọ̀dù ibi tí ẹ bá kó fáìlì yín pamọ́ sí.

Tecno tó há sójú lógò yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa kọ ti IMEI, ẹ ó rí i lálẹ́ Sunday.