RTX 3060 tàbí RTX 4060?

Ìbéèrè: Mo máa ń gbá géèmù, mo sì ń fi Blender yàwòrán. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra káàdì àwòrán RTX 3060, pé mẹ́mórì rẹ̀ pọ̀ ju ti RTX 4060 lọ. Ṣé òótọ́ ni? Òǹkàwé, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́. RTX 3060 tó jáde ní 2021 ní mẹ́mórì 12GB. 8GB péré ni ti RTX 4060 ti 2023. Àmọ́ mẹ́mórì nìkan kọ́ ni eré. Tó bá jẹ́ géèmù lójú 1080p, 4060 ló yá jù. Kì í sì í jẹná: wọ́ọ̀tì 115 ni wọ́n kọ sí i, 170 ni ti èkejì. Ẹni tó ń lo ínfátà mọ ohun tí wọ́ọ̀tì 55 ń ṣe fún bátìrì.

Ìdí Blender ni ọ̀rẹ́ yín ti jàre. Bí ẹrù àwòrán bá ti ju 8GB lọ, 4060 á máa yá àyè lára RAM kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ á wá máa wọ́ bí ìgbín. Tí àwòrán bá jẹ́ oúnjẹ yín, ẹ gba 3060. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, 4060 lèmi ó rà. Ẹ ṣáà yẹ ara páálí wò kẹ́ ẹ tó sanwó: 3060 kan wà tó jẹ́ 8GB, orúkọ kan náà ló ń jẹ́.