Ẹ̀yin Ọ̀gá Kékeré Ṣómólú, Ẹ Mọ́kàn Le

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Èkó, láti Palmgrove wọ Ṣómólú títí dé Bàrígà, ohun kan ń kọ mí lóminú: ẹ̀rù oníbàárà ń bà yín ju ẹ̀rù gbèsè lọ. Ẹ ó ní iṣẹ́ ń jáde lọ́la, bẹ́ẹ̀ pépà kò tíì sí nílẹ̀. Tó bá di ọ̀la, ẹ ó pa fóònù. Ìmọ̀ràn mẹ́rin ni mo ní fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ béèrè iye pépà lọ́jà kí ẹ tó dá iye lé iṣẹ́. Òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kí ọjà máa dá iye rẹ̀, owó àná lè má ra ọjà òní.

Èkejì, ẹ gba àsansílẹ̀ tó ká pépà àti pléètì kí ẹ̀rọ tó yí. Ẹni tó bá bínú lọ, ẹ jẹ́ ó máa lọ.

Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ pe oníbàárà kó tó pè yín. Mo rí ọ̀dọ́ kan ní òpópónà Ṣípéolú tí gèlè pupa olóògbé jáde ní búlúù lára ìwé ètò ìsìnkú tó ń tẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló pe ọmọ olóògbé. Ó tún ìwé náà tẹ̀. Ẹbí náà ṣì ń gbé iṣẹ́ wá fún un.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnìkan bá gbé lébẹ́ẹ̀lì oògùn wá láìní ìwé NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, ẹ dá a padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn ọmọṣẹ́ yín ń wò yín, ohun tí ẹ bá ṣe ni wọn yóò kọ́.

Oníbàárà tí ẹ ń sá fún, ẹ pè é lónìí.