Iṣan Ọpọlọ Tó Wú: Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n La Agbárí?

*Dókítà, wọ́n yẹ ọpọlọ àbúrò mi wò ní London, wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wú yípo níbẹ̀, pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní la agbárí, pé itan ni àwọn máa gbà wọlé. Báwo ni itan ṣe kan orí? Ẹ̀rù ń bà mí. — Ìyá kan, Ìbàdàn*

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un, mà. Gbogbo iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ló so kọ́ra. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ wọ iṣan òkè itan tàbí ti ọrùn-ọwọ́, á ti rọ́bà tín-ínrín kan bọ̀ ọ́, á sì máa fi X-ray wò ó bó ṣe ń gba àyà àti ọrùn gòkè, títí yóò fi dé ibi tó wú.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àrùn yìí, tí wọ́n ń pè ní aneurysm, máa ń yọ àpò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ iṣan. Guido Guglielmi, dókítà ará Ítálì, ló gbé wáyà pílátínọ́ọ̀mù tí wọ́n ń ká sínú àpò náà jáde, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ráyè wọ̀ ọ́ mọ́. Ọdún 1990 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn ní Los Angeles.

Ti àbúrò yín kò ní àpò. Ibo ni wọ́n fẹ́ ká wáyà sí? Ńṣe ni yóò bọ́ sójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ́ ọ̀pá wáyà híhun kan, tí ojú rẹ̀ wẹ́ bí asẹ́, sínú iṣan náà. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó kù sẹ́yìn rẹ̀ á dákẹ́, á dì, awọ tuntun á sì hù bo wáyà náà láàárín oṣù mélòó kan. Ọdún 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ewu wà níbẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ irin tuntun náà, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní aspirin àti clopidogrel kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè rí i kí ara rẹ̀ máa dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n lù, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa yọ lérìgì rẹ̀. Kó sọ fún dókítà rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ní kó dá oògùn dúró. Ẹ má sì fi àgbo ránṣẹ́ sí i. Mo mọ̀ yín!

*Ó ti pẹ́ tí orí ti ń fọ́ mi. Ṣé iṣan ọpọlọ mi ló wú? — Awakọ̀ kan, Abẹ́òkúta*

Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣan tó wú kì í dun ẹnikẹ́ni kó tó bẹ́. Tó bá bẹ́, orí fífọ́ náà máa ń dé lójijì, ó sì máa ń le ju gbogbo èyí tí ẹni náà ti ní rí lọ. Ọrùn lè gan, èébì lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má fún un ní Panadol kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ní tiyín, ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò pẹ̀lú, kí ẹ sì jáwọ́ nínú sìgá bí ẹ bá ń mu ún.