Àláàtì Tó Yẹ Kó Dé Kí Owó Tó Jáde

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kan àpò owó ẹgbẹ́ àti fóònù tó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ará wa kú ní Diobu ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkú pamọ́ pẹ́. Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni a fẹ́ sin ín. Owó wà nínú àpò ẹgbẹ́ ní bánkì. Akápò kò sùn. Lóru náà ló ti kọ iye owó ilẹ̀ àti ti aṣọ ìsìnkú sórí ètò bánkì tó wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kì í ti ọwọ́ ẹnìkan jáde. Bí ẹni méjì ṣe ń buwọ́ lu sọ́wédowó láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí fóònù: ẹnìkan á béèrè, ẹnìkejì á fọwọ́ sí i. Bàbá tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ wà lápò rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dára. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé ohunkóhun ń dúró dè é ni. Akápò rò pé bánkì á pè é. Bánkì ń dúró kí ó wọlé fúnra rẹ̀. Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ara wọn, ọmọ olóògbé sì wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sán ni Bàbá ṣèèṣì ṣí ètò náà, ó fọwọ́ sí i, kíá ni àláàtì dún lórí fóònù wa. Kí la fẹ́ fi ṣe mọ́?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé àláàtì méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí gbogbo ọlọ́jà Mile 1 mọ̀, tó ń sọ fún wa pé owó ti wọlé tàbí pé owó ti jáde. Ìròyìn ni, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń rò. Èkejì ni èyí tó ń pe ẹni tó ní àṣẹ kí owó tó kúrò níbi tó wà: “Ìbéèrè kan wà níwájú rẹ, wá wò ó.” Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa kò ní, bẹ́ẹ̀ òun ló wúlò jù. Nínú Súratul-Baqarah, ayah 282, tó gùn ju gbogbo ayah inú Kùránì lọ, a pa á láṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà, kí àwọn ẹlẹ́rìí má sì kọ̀ bí a bá pè wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ pípè yẹn. Ẹlẹ́rìí tí a kò pè, báwo ni yóò ṣe wá?

Báwo ni a ṣe lè jẹ́ kí ìpè náà máa lọ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé akápò ń sáré kiri lóru? Ọgbọ́n ibẹ̀ ni mímú kí ètò kọ̀ǹpútà kan máa bá òmíràn sọ̀rọ̀. Ìwé owó wà níhìn-ín, ilé iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ wà lọ́hùn-ún, ẹnu ọ̀nà kan sì wà láàárín wọn tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní API, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣí. Bí akápò bá ti kọ ìbéèrè tuntun, ìwé owó á fún un ní nọ́ńbà, á kọ “ó ń dúró de àṣẹ” sí i lára, á sì kan ilẹ̀kùn yẹn pé: fi iṣẹ́ yìí jẹ́ Bàbá Alága. Bí wákàtí méjì bá kọjá tí kò sí èsì, á tún un pè, á sì pe igbákejì rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹgbẹ́ kékeré kò nílò láti ra ètò olówó gọbọi fún èyí. Fọ́ọ̀mù Google àti ìwé onílà rẹ̀ tó, pẹ̀lú àṣẹ díẹ̀ tí ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà lè kọ sínú Apps Script. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ lè fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni 100 lójúmọ́, ẹgbẹ́ wo nínú wa ló fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà wa kì í ṣí ímeèlì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni tiwọn, nítorí fóònù onítọ́ọ̀ṣì pàápàá ń gbà á. Kì í ṣe ohun titun: ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GSM sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001.

Ẹ̀tàn méjì wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkíní: ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 2442 pé òun kò fẹ́ ìpolówó mọ́ lè má rí àtẹ̀jíṣẹ́ ẹgbẹ́ gbà, àyàfi bí ilé iṣẹ́ tó ń fi í ránṣẹ́ bá gba ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtàkì. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó. Èkejì dùn mí láti kọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ sí i, ẹyọ kan péré, yóò já sí 70. Ọ̀rọ̀ tí à bá san owó ẹ̀ẹ̀kan fún, a ó san owó ẹ̀ẹ̀mejì. Nítorí náà, tó bá di ti àláàtì, mo gbà kí a kọ ọ́ láìní àmì: “Ibeere 14: N85,000, isinku. Akapo lo fi ranse. E wole si eto banki lati wo o.” Ẹ má ṣe gbé àṣà náà wá sínú ìwé ìròyìn yìí o.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kò sí píìnì níbẹ̀, kò sí ohun tí a ní kí èèyàn tẹ̀, a kò sì ní kí Bàbá dáhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè fi orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́, olè sì lè gba nọ́ńbà èèyàn sórí síìmù mìíràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń pe èèyàn ni. Inú ètò bánkì ni àṣẹ ti ń wá. Ní tèmi, ètò tí a ṣe fúnra wa kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó rárá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún bàbá àgbà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sọ píìnì rẹ̀ fún yín.

Ó ku ọ̀kan tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì àgbà ilẹ̀ Bangladesh. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yàn, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi níbẹ̀. Ìwé àṣẹ 35 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí New York, iye rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là. Mílíọ̀nù 81 bọ́ sí ọwọ́ wọn ní Philippines. Ẹ̀rọ kan wà ní báńkì náà tó máa ń tẹ ìwé jáde nígbàkígbà tí owó bá lọ. Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí i láàárọ̀ Jímọ̀ pé kò tẹ nǹkan kan, wọ́n rò pé ó kàn bàjẹ́ bó ṣe máa ń bàjẹ́ ni.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ètò wa máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kódà bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí akápò, akọ̀wé àti alága: “Kò sí ìbéèrè lónìí.” Alẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá dé, kí ẹnìkan dìde kó wo ohun tó fà á.

Kí a tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a lọ wo nọ́ńbà àti ímeèlì tó wà ní bánkì lórúkọ ẹgbẹ́. A máa ń yan olóyè tuntun, a kì í sì í rántí yí nọ́ńbà ti àtijọ́ padà. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí àláàtì rẹ̀ ṣì ń lọ sọ́dọ̀ akápò tó ti kó padà sílé láti ọdún kẹta. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn tó ń fọwọ́ sí owó mú fóònù wọn dání. A ó kọ ìbéèrè ₦100 sílẹ̀ níbẹ̀, a ó sì jókòó wò ó bóyá fóònù Bàbá yóò dún.