Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa nínú oko yín, kí ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ yín?

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún gbogbo ẹni tó ń gba lébìrà síṣẹ́, àti fún fóòmánù tó ń dúró tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ẹ gba èèyàn mẹ́ta pé kí wọ́n wá fín oògùn apako sí oko àgbàdo yín. Ẹ̀yin lọ sọ́jà, ẹ fi fóòmánù tì wọ́n. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ìdérí ẹ̀rọ kan ṣí, oògùn ta sí ọ̀kan nínú wọn lójú. Ó sọ fún fóòmánù. Fóòmánù ní kó nu ojú, kó máa bá iṣẹ́ lọ, torí pé ọjọ́ ti ń lọ. Kí ẹ tó dé nírọ̀lẹ́, ojú ti wú, ọkùnrin náà sì ti lọ sílé. Ẹ ò rí i, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn yín? Rárá o.

"Lébìrà oòjọ́ lásán ni" kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀

Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kan agbanisíṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni káàkiri Nàìjíríà, yálà oko yín wà ní Ìsẹ́yìn, ní Mọ́kwà tàbí ní Kàdúná. Lójú òfin yìí, kò dìgbà tí ẹ bá jọ kọ ìwé kí ẹnì kan tó di òṣìṣẹ́ yín. Àdéhùn ẹnu ti tó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, àti lébìrà tí ẹ pè fún ọjọ́ díẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó sọ fún fóòmánù ti sọ fún yín

Òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni yóò sọ fún. Bó bá sọ fún máníjà, fóòmánù, tàbí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ níbi tó ti fara pa, ó ti ṣe tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àsìkò tó ṣẹlẹ̀, irú ọgbẹ́ náà àti ohun tó fà á ni yóò sọ.

Ẹ̀yin ní ọjọ́ 7 péré, láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, láti fi tó àjọ NSITF létí, àti ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ yín jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí lọ sí i, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́. Agbanisíṣẹ́ tí kò bá jábọ̀ ti ṣẹ̀ sófin. Nítorí náà, fóòmánù tó pa ẹnu mọ́ nítorí kí ẹ má bàa bínú, inú ọjọ́ 7 yín ló ń jẹ.

Níbo ni owó ìtọ́jú ti máa wá?

Agbanisíṣẹ́ ní láti máa san náírà 1 nínú gbogbo náírà 100 owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF lóṣooṣù. Bí àpapọ̀ owó tí ẹ ń san fún òṣìṣẹ́ lóṣù bá jẹ́ ₦200,000, ₦2,000 ni tiyín. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Inú àpò yìí ni owó ìtọ́jú ti ń jáde, àti owó fún ẹni tí ìjàǹbá sọ di aláàbọ̀ ara, àti fún àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀. Ọdún 1 ni òfin fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ láti béèrè fún un.

Kí fóòmánù yín tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀

1. Kó bu omi lásán sínú ẹ̀rọ, kó fi dán an wò. Èyí tó bá ń jò, ẹ má gbé e kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.
2. Kó ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn sétí gbogbo wọn, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bó bá rí paraquat, kó gbé e kúrò: NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024.
3. Kí kálukú wọ ìbọ̀wọ́ róbà, bàtà òjò, aṣọ alápá gígùn, awò tó bo ojú àti ìbòmú. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ ni kẹ́ ẹ rà á.
4. Kí omi tó mọ́ àti ọṣẹ wà nítòsí.
5. Kí afẹ́fẹ́ máa gbé oògùn kúrò lára ẹni tó ń fín in. Bí ihò ẹ̀rọ bá dí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ.
6. Kó má gbé oògùn fún ọmọdé. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ nìkan ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 gbà láyè, oògùn fífín kì í sì í ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Kí iṣẹ́ dúró. Bí oògùn bá ta sójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá dà sára, ẹ bọ́ aṣọ náà, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara. Bó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ike oògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn tó lọ. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé náà.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún òní: ẹ pe fóòmánù yín kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi í pé, "Nínú oṣù yìí, ta ló fara pa tí o kò sọ fún mi?" Kó tó dáhùn, ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ ò ní bínú sí i. Bí ọjọ́ 7 kò bá tíì pé, àyè ṣì wà. Bó bá ti kọjá, ẹ má tún jẹ́ kí ọjọ́ kan lé e.