Bí A Ṣe Ń Dupò Nínú Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Yunifásítì

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló gbajúmọ̀ ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. ASUU ni ti àwọn olùkọ́. SSANU ni ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà tí kì í kọ́ni. NAAT ni ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ inú yàrá àyẹ̀wò. Awakọ̀, ọlọ́dẹ, akọ̀wé kéékèèké àti àwọn tó ń tún ọgbà ṣe, NASU ni tiwọn.

Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, mú ìwé owó oṣù rẹ, kí o kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí o bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wàá rí owó ẹgbẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kí ìyókù tó dé báńkì. Láti ọdún 2005 ni òfin ti sọ pé wíwọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe tipátipá. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ ń wọ àpò ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó di àpò náà mú.

Àwọn tó ń darí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ni alága, igbákejì rẹ̀, akọ̀wé, akápò, akọ̀wé owó, olùṣàyẹ̀wò owó àti àwọn mìíràn. Ipò alága ni gbogbo ojú máa ń wò. Ní tèmi, ẹni tó fẹ́ ṣe akápò àti ẹni tó fẹ́ ṣe olùṣàyẹ̀wò owó ni mo máa ń kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sọ bí ìdìbò yóò ṣe lọ. Ní ASUU, ọdún méjì ni alága ẹ̀ka ń lò, ó sì lè padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àsìkò bá ń parí lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á yan ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò. Ẹni tó bá fẹ́ díje kò gbọdọ̀ sí nínú ìgbìmọ̀ náà. Olùdíje á gba fọ́ọ̀mù, ọmọ ẹgbẹ́ kan á fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, òmíràn á kín in lẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè, wọ́n lè tìtorí ìyẹn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni ìpolongo, ìdìbò àti kíka ìbò ní gbangba.

Ti ààrẹ gbogbo ASUU yàtọ̀. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ló ń dìbò yàn án. Àwọn aṣojú ẹ̀ka ló ń pàdé láti yàn án. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ìlú Benin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí wọ́n fi yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Chris Piwuna láti Yunifásítì Jos.

Kí ni ẹni tó wọlé ń rí gbà? Olùkọ́ tó di alága ẹ̀ka kò bọ́ sórí owó oṣù tuntun. Yóò ṣì máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò máa yẹ ìwé ìdánwò wò, ìpàdé á sì tún kún un. Ipò náà tilẹ̀ lè gba owó oṣù tó ti ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2001, Yunifásítì Ìlọrin lé olùkọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ọdún 2009 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà. Ọdún mẹ́jọ! Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tí wọ́n lé bàbá rẹ̀ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí ẹjọ́ tó parí.

Ewu ipò náà kò mọ sórí owó oṣù. Ìjọba ológun fòfin de ASUU ní 1988, wọ́n tún fòfin dè é ní 1992. Attahiru Jega, olùkọ́ ní Yunifásítì Bayero, ni ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà kejì yìí. Festus Iyayi, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tó ti ṣe ààrẹ ASUU rí, ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní Kánò ní oṣù Kọkànlá 2013 nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja.

Ìjọba nìkan kọ́ ló ń bínú sí olórí ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró. Nírú àkókò yẹn, alága ẹ̀ka ni àwọn tí ebi ń pa nílé máa ń kọ́kọ́ pè.

Nítorí náà, bí olùdíje bá wá bá ọ, má ṣe bi í léèrè ìlú tó ti wá. Bi í bóyá ó ń dupò mìíràn lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà yunifásítì. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a máa tì. Bi í bí yóò ṣe jíhìn owó ẹgbẹ́, àti ìgbà wo. Bi í ohun tó ti ṣe fún òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n rẹ́ jẹ, kó tó di pé ó fẹ́ ìbò. Ẹni tó bá ń pín ìrẹsì àti ẹ̀wù dípò èsì, má dìbò fún un.

Bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé ìwọ náà lè ṣe é, gba ìwé òfin ẹgbẹ́ rẹ lọ́wọ́ akọ̀wé, kí o sì ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìdìbò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání lọ́jọ́ ìdìbò, dìbò, kí o sì dúró títí wọn yóò fi kà á tán.