Bí A Bá Dàgbà, À Yé Ogun Jà

Òwe yìí kò sọ pé kí àgbà di ojo. Ohun tí àgbà fi ń jà ló yí padà. Ẹni tó bá tún gbá géèmù tó ti gbá nígbà èwe rẹ̀ yóò rí i kedere, pàápàá irú géèmù tí a ti ń gbé ìgbésí ayé ẹlòmíràn.

Mú The Witcher 3, tí CD Projekt Red ti ilẹ̀ Pólàńdì gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Geralt ni wàá jẹ́ níbẹ̀, ọdẹ tí wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti pa ẹranko abàmì. Ó ń wá Ciri, ọmọ tó wò dàgbà láìjẹ́ pé òun ló bí i. Ìjà ni ọ̀dọ́ sábà máa ń lé: idà wo ló mú jù, ẹranko wo ló kù? Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, á tẹ bọ́tìnì kó lè yára kọjá. Bẹ́ẹ̀, inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n tọ́jú ìdí géèmù náà sí.

Vesemir, àgbà tó kọ́ Geralt níṣẹ́, kú, ìbànújẹ́ sì dorí Ciri kodò. O lè ní kó jókòó kí ẹ jọ mutí, o sì lè fà á síta kí ẹ máa ju yìnyín lu ara yín. Nígbà tó yá, ó fẹ́ lọ rí ẹgbẹ́ àwọn àjẹ́ kan: ṣé wàá tẹ̀ lé e ni, àbí wàá jẹ́ kó dá lọ? Inú bí i nínú yàrá Avallac'h, olùkọ́ rẹ̀: ṣé wàá pàrọwà fún un ni, àbí wàá jẹ́ kó fọ́ ohun tó fẹ́ fọ́? Kò sẹ́ni tó máa sọ èyí tó tọ́ fún ọ. Ìparí ni wàá tó mọ̀ pé ìwọ̀nyí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá Ciri á bọ̀ láàyè. Ẹni ogún ọdún gbà pé ìfẹ́ ni kéèyàn tẹ̀ lé ọmọ káàkiri. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ rí mọ̀ pé nígbà mìíràn, kéèyàn dúró síta ló le jù.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ tún un gbá, má pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, má sì lọ wá ìdáhùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí iṣẹ́ bá ti tán ọ lókun, yan ìpele tó rọrùn jù. Àwọn tó ṣe géèmù náà mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìtàn nìkan ló ń wá, ìpele ìjà kò sì yí ìtàn padà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àbúrò rẹ bá ti pé ọdún 18 (àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún), fún un ní páàdì nígbà ìjà, ìka tirẹ̀ yá ju tìrẹ lọ. Bó bá sì fi idà dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀, má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìlì tìrẹ ṣì wà níbẹ̀, wàá gbá a bó bá ti lọ sùn.